Àbọ̀ lórí iná ọkọ̀ tó ń ṣe bàìbàì: ó ti yanjú

Ẹ ṣeun, gbogbo ẹ̀yin tí ẹ dá sí ìbéèrè mi. Iná iwájú ọkọ̀ mi máa ń ṣe bàìbàì bí amplifier (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn orin sókè) bá ti ń gbé ìlù wúwo, bátìrì sì ń dákú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alternator (ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnì ń yí láti pèsè iná) 130 amp ló wà níbẹ̀.

Alternator yẹn ò ṣàìsàn rárá. Mítà ka 14.3 volt lára rẹ̀, ṣùgbọ́n 13.1 péré ló ń dé orí bátìrì. Ojú ọ̀nà ni iná ń ṣòfò sí: waya ilẹ̀ (ọ̀nà tí iná ń gbà padà) láàárín ẹ́ńjìnì àti bọ́dì ti dípẹtà, èyí tó ń gbé iná lọ sí bátìrì sì tín-ín-rín jù fún ẹrù tó ń rù. Mo fi waya tó nípọn pààrọ̀ méjèèjì, mo sì fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ bátìrì (ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìyẹn, ọkọ̀ lè gbiná). 14.1 ló ń dé ibẹ̀ báyìí, tòun ti gbogbo ẹrù.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, mo ṣì máa ń dín ohùn kù, torí alternator kì í pèsè tó iye tí wọ́n kọ sí i lára bí ẹ́ńjìnì ò bá sáré. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi bátìrì kejì kún un, kó kọ́kọ́ wọn àwọn waya yìí.