Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn ìkọlù ọkàn, ara tún daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì: kí ló já nínú ọkàn?

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Bí aláìsàn tó pẹ́ kó tó dé wọ́ọ̀dù, tí wọn ò sì rí òpójẹ̀ tó dí ṣí lásìkò, bá ń mí hẹlẹhẹlẹ lójijì ní ọjọ́ kẹrin, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀, báwo la ṣe ń mọ ohun tó ya? Kí la lè fi gbé e ró kó tó dé tíátà?

Dókítà Bánkọ́lé: Ẹ má pè é ní ìkọlù kejì títí echo, àyẹ̀wò tó ń fi ìró ya àwòrán ọkàn, yóò fi sọ bẹ́ẹ̀, ẹ sì pe oníṣẹ́ abẹ kí ẹ tó parí echo náà. Ẹran ọkàn tí ẹ̀jẹ̀ kò dé ń kú, ó sì ń rọ̀. Ọjọ́ 3 sí 5 ló burú jù, ṣùgbọ́n ó lè ya láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, tàbí kó tó ọ̀sẹ̀ 2.

Bí ògiri àárín, tó pín yàrá ìsàlẹ̀ ọkàn méjèèjì níyà, bá lu, ẹ ó gbọ́ ariwo líle lápá òsì egungun àárín àyà. Nínú nǹkan bí ìdajì wọn, ọwọ́ tí ẹ gbé lé àyà yóò mọ̀ ọ́n tó ń gbọ̀n. Bí ògiri ìta bá ya, ẹ̀jẹ̀ á yí ọkàn ká, òpójẹ̀ ọrùn á yọ, ìró ọkàn á jìnnà. ECG, ẹ̀rọ tó ń ya iná mànàmáná ọkàn sórí ìwé, lè ṣì máa ya ìlà tiẹ̀, kí ọwọ́ má sì rí ìlù ẹ̀jẹ̀ kankan.

Ti fáàfù, ìyẹn ilẹ̀kùn inú ọkàn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ padà sẹ́yìn, ló ń tan ènìyàn jẹ. Bí ẹran tó di okùn fáàfù apá òsì mú bá já, omi á kún ẹ̀dọ̀fóró kíákíá, síbẹ̀ ariwo lè kéré tàbí kó má sí rárá, torí ìfúnpá yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àyà tó dákẹ́ kò sọ pé fáàfù kò já.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: Ẹ ṣeun, sà. Kí ló dé tí ìkọlù tí kò tóbi fi ń já ẹran yẹn?

Dókítà Bánkọ́lé: Ẹran tó di okùn fáàfù yẹn mú, méjì ni. Ti iwájú sábà máa ń gba ẹ̀jẹ̀ láti òpójẹ̀ méjì, ti ẹ̀yìn láti ọ̀kan ṣoṣo. Bí ọ̀kan yẹn bá dí, kò sí olùrànlọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí ti ẹ̀yìn fi ń já jù, pàápàá bí ìkọlù bá wà nísàlẹ̀ ọkàn.

Oníṣẹ́-abẹ Àyà: Ẹ ṣọ́ra fún dírípù. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ yí ọkàn rẹ̀ ká, dírípù lè gbé e ró díẹ̀. Ẹni tí fáàfù rẹ̀ já, dírípù yẹn ni yóò rì í. Oògùn tó ń fún òpójẹ̀ pọ̀ náà ń ti ẹ̀jẹ̀ padà gba ibi tó já.

Bálúùnù inú òpójẹ̀ ńlá ń ran fáàfù tó já àti ògiri àárín tó lu lọ́wọ́: ó ń wú nígbà tí ọkàn ń sinmi, ó ń rọ̀ kí ọkàn tó ti ẹ̀jẹ̀ jáde, kí ẹ̀jẹ̀ lè gba iwájú. Ẹ má fi í sí ẹni tí fáàfù ẹnu òpójẹ̀ ńlá rẹ̀ ń jò gan-an.

Ẹ̀jẹ̀ tó yí ọkàn ká, bí ẹ bá máa fa á, ìwọ̀nba ni, kí ìfúnpá kàn lè gbéra. Bí ìfúnpá bá ga jù, ibi tó ya á tún ṣí.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́: Wọ́n máa ń ní kí a dúró nígbà mìíràn. Ṣé ó tọ́?

Oníṣẹ́-abẹ Àyà: Fáàfù tó já àti ògiri ìta tó ya kò ní ìdúró. Ti ògiri àárín ló ṣòro. Ẹran tó yí ihò náà ká dà bí aṣọ tó ti gbó: abẹ́rẹ́ wọlé, òwú á fà á ya. Bí ọjọ́ bá ti ń gorí ọjọ́, àpá á gbà á, òwú á sì rí ibi dì mú. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn oníṣẹ́ abẹ àyà ní Amẹ́ríkà láti 1999 sí 2010, 54 nínú 100 ló kú lára àwọn tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ògiri àárín fún láàárín ọjọ́ 7. Lẹ́yìn ọjọ́ 7, ó jẹ́ 18. Ẹ má jẹ́ kí iye yẹn tàn yín, torí ẹni tó lágbára tó láti dúró ló dé ọjọ́ kẹjọ. Bí ìtọ̀ bá ń wọ́n, tí lactate (èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pọ̀ bí ẹ̀jẹ̀ kò bá tó ara) ń ga, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ tutù, ìdúró ti parí, ẹ gbé e wá.