Ǹjẹ́ adójútòfò ilé máa ń sanwó fún ògiri tó bu?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Páìpù bẹ́ nílé wa ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Ògiri ti bu dúdú lẹ́yìn wọ́dúróòbù, ó sì ń rùn. Ṣé adójútòfò wa yóò san án?

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ohun tó fa omi ni wọn yóò kọ́kọ́ wò: bí páìpù bá bẹ́ lójijì, ọ̀pọ̀ ìwé àdéhùn a máa gbà á, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan a yọ bíbu ògiri sílẹ̀, ṣùgbọ́n omi tó ti ń jò díẹ̀díẹ̀ tipẹ́, àìtọ́jú ni wọ́n ń kà á sí.

Èsì: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kun ògiri náà! Ẹ ya fọ́tò, ẹ tọ́jú páìpù náà, ẹ tètè kọ̀wé sí wọn.

Èsì: Bí wọ́n bá kọ̀ láìnídìí, ẹ fẹjọ́ sun NAICOM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó àwọn adójútòfò.