Ẹ̀yin tí ẹ ti bá ọkọ̀ ojú omi ìgbafẹ́ lọ wo ẹja nínú òkun rí, ẹ wá sọ tiyín

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè
Ẹ kú ilé o. Èmi, ọkọ mi, àwọn ìbejì wa tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 9, àti ìyá ọkọ mi tí wọ́n ti pé 67, a fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá láti Miami lóṣù Kẹjọ. Ó máa yà ní Cozumel ní Mẹ́síkò, á sì yà ní erékùṣù Grand Cayman. Ohun tó wù mí jù ni kí n fi gíláàsì bojú, kí n dojú bolẹ̀ lójú omi, kí n máa wo ẹja. Ṣùgbọ́n n ò mọ omi í wẹ̀ dáadáa, orúnkún sì ń yọ màmá lẹ́nu. Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ, ibo ló rọrùn? Kí lojú yín rí?

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Etíkun Tarkwa Bay ń bẹ lẹ́yìnkùlé wa níbí l'Ékòó. Ẹ wọ bóòtì ní CMS, ẹ ti débẹ̀. Kí lẹ tún ń wá lọ sí Mẹ́síkò?

Àǹtí_Yábàá
Èmi lọ lóṣù Keje 2023, Cozumel náà ni. Ẹ jẹ́ n ti ibi tó ká mi lára bẹ̀rẹ̀: aago! Láti oṣù Kẹta dé oṣù Kọkànlá, Miami máa ń fi wákàtí kan ṣáájú Cozumel. Aago Miami lọkọ̀ tiwa ń lò. Bí mo ṣe sọ̀ kalẹ̀ báyìí, fóònù mi yí ara rẹ̀ padà sí aago ibẹ̀, n ò sì mọ̀. Wọ́n ní kí gbogbo èrò ti wọlé ní aago 4:30. Mo fẹ̀yìn tì, mo ń jẹ ẹja dídín, fóònù ní aago 3 ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ìṣẹ́jú 10 ni. Àfi bí ìyá àgbàlagbà kan tá a jọ wọkọ̀ ṣe rí mi, tó na aago ọwọ́ rẹ̀ sí mi: 4:10. Mo fa ọmọ mi lọ́wọ́, a sáré, ọkàn mi ń lù kì kì kì. Àwa la wọlé kẹ́yìn. Ẹ wọ aago ọwọ́ lọ, aago inú ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ lé.

Àmọ́ ohun tí mo rí kí n tó jẹun yẹn, mo lè lọ tún un rí lọ́la. Ọgbà kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chankanaab. Àtẹ̀gùn ni wọ́n fi ń sọ̀ kalẹ̀ sínú òkun, wọ́n á wọ láìfù jákẹ́ẹ̀tì fún ọ, o ò nílò kó o mọ omi í wẹ̀ bí ọmọ Ìlàjẹ. Mo dojú bolẹ̀ báyìí, ẹja aláwọ̀ búlúù kan wà nísàlẹ̀ mi tí ẹnu rẹ̀ rí bí ti ayékòótọ́. Ó ń gé òkúta iyùn jẹ, mo sì ń GBỌ́ ọ lábẹ́ omi: kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́, kẹ́rẹ́. Mo gbàgbé pé ẹ̀rù ń bà mí tẹ́lẹ̀.

Bọ̀dá_Àgége
Ẹja yẹn tó bá jẹ òkúta tán, iyanrìn ló máa ń yà. Púpọ̀ nínú iyanrìn funfun tí wọ́n ń sùn lé lọ́hùn-ún, ìgbẹ́ ẹja ni.

Àǹtí_Yábàá
Ha! Mo kó o sínú ìgò wálé o. Ó wà lórí tẹlifíṣọ̀n mi.

Alhaja_Múṣin
Àǹtí Yábàá, aṣọ wo lẹ wọ̀? Èmi ò lè ṣí ara sílẹ̀.

Àǹtí_Yábàá
Alhaja mi, apá gígùn àti ṣòkòtò tó dé kókósẹ̀ ni mo wọ̀. Àwọn tó wọ búrùkínì wà lọ́dọ̀ wa. Ó tiẹ̀ dáa jù, torí ẹ̀yìn ọrùn àti ẹ̀yìn itan ni oòrùn máa ń jó lójú omi, awọ dúdú kò yọ wá sílẹ̀.

Ọmọ_Èpẹ́
@Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó, ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ràn Tarkwa Bay, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ìgbì. Omi rẹ̀ rọ̀ torí òkúta tí wọ́n tò sẹ́nu ọ̀nà èbúté ló ń gba ìjà òkun. Ṣùgbọ́n ẹja wo lẹ fẹ́ fojú rí níbẹ̀? Gbogbo ẹrẹ̀ tí àwọn odò kó wá sínú ọ̀sà, ẹnu ibẹ̀ yẹn ló ń gbà jáde sókun. Mo ti gbé gíláàsì lọ rí. Mo nawọ́ síwájú, n ò rí ìka mi.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó
Ìgbà tí ọ̀sà ń tú jáde lo lọ nìyẹn. Jẹ́ kí òkun máa wọlé kó o tó lọ.

Ọmọ_Èpẹ́
Ẹ̀gbọ́n, mo ti lọ nígbà méjèèjì. Nígbà kejì mo rí ìka mi. Ẹja ni n ò rí.

Ìyàwó_Ṣómólú
Ẹ dúró ná. Òkúta iyùn tí ẹja ń jẹ yẹn, ṣé òun náà ni iyùn tí wọ́n so mọ́ mi lọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó?

Bọ̀dá_Àgége
Ìbátan ni wọ́n. Ẹranko wẹ́wẹ́ ló ń kọ́ ọ bí ikán ṣe ń kọ́ ilé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kéèyàn má fọwọ́ kàn án, kó má sì tẹ̀ ẹ́. Èyí tó bá ṣẹ́, ó di ọ̀pọ̀ ọdún kó tó padà hù.

Ìyàwó_Ṣómólú
Ẹranko kẹ̀? Mi ò gbà. Màá bi màmá mi.

Onírùngbọ̀n_Ìkejà
Ẹ̀yin ọkùnrin, irùngbọ̀n àti irun imú a máa jẹ́ kí omi wọ inú gíláàsì. Vaseline díẹ̀ lábẹ́ imú, ó tán. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ má jẹ́ kí irun dídì bọ́ sábẹ́ rọ́bà rẹ̀. Bó bá jẹ́ tuntun, ẹ fi ọṣẹ ìfọyín fọ dígí rẹ̀ nínú nílé. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ wọmi, ẹ tu itọ́ sí i, ẹ fi ìka yí i ká, ẹ ṣàn án. Kùrukùru ò ní bo dígí yín.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀bùtéMẹ́ta
Ìyá Ìbejì, ti màmá ni kí n sọ. Mo mú ìyá tèmi lọ sí Grand Cayman. Ọkọ̀ ńlá kì í gúnlẹ̀ níbẹ̀, ojú òkun ló máa dúró, bóòtì kéékèèké á wá kó yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn òṣìṣẹ́ di màmá mú lápá méjèèjì, kẹ́ ẹ má kánjú, torí bóòtì yẹn ń lọ sókè sódò. Orúnkún á fẹ́ jà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ń pè ní Stingray City. Àárín òkun ni, síbẹ̀ ìbàdí lomi mọ, iyanrìn lẹ máa dúró lé. Ẹja pẹlẹbẹ tí ìrù wọn gùn bí pàṣán ló kún ibẹ̀. Àwọn apẹja ló máa ń fọ ẹja wọn níbẹ̀ láyé àtijọ́, tí wọ́n ń da ìfun sómi, bí àwọn ẹja yẹn ṣe mọ̀nà nìyẹn.

Olóyè_Fẹ́stáàkì
Ẹ yẹ físà Amẹ́ríkà yín wò dáadáa, kó jẹ́ èyí tó gba ìwọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Bí ọkọ̀ bá padà dé Miami, ìwọlé mìíràn nìyẹn. Físà yẹn náà lẹ fi máa wọ Mẹ́síkò bó bá ṣì ń ṣiṣẹ́. Oṣù Kẹjọ sì bọ́ sínú àsìkò ìjì líle, oṣù Kẹfà dé Kọkànlá ni. Ọ̀gá ọkọ̀ lè yà síbòmíràn. A kì í bá òkun jà.

ÌyáÌbejì_Sùúrùlérè
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin èèyàn mi. Gíláàsì ti dé lánàá. Mo rọmi sínú báàfù ńlá, àwọn ìbejì ń fi orí bọ̀ ọ́ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Àfi bí màmá ṣe ní kí wọ́n gbé e wá, wọ́n tú gèlè, wọ́n fojú bọmi. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo fọwọ́ kàn wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n gbórí sókè, wọ́n ní, "Ẹja pẹlẹbẹ yẹn, ṣé kò ní ta mí lẹ́sẹ̀?" Ẹ̀gbọ́n Ẹ̀bùté Mẹ́ta, ẹ dá wọn lóhùn, wọ́n jókòó tì mí.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀bùtéMẹ́ta
Mọ́mì, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ sókè bẹ́ ẹ bá ń rìn nínú omi, ẹ máa wọ́ ọ lórí iyanrìn díẹ̀díẹ̀. Ẹja á gbọ́ pé ẹ ń bọ̀, á yà fún yín. Awọ abẹ́ rẹ̀ rọ̀ bí olú, mà. Ìyá mi ò fẹ́ jáde mọ́.