Alága káńsù fún wa láyè, ọlọ́pàá ń lé wa: ta ni ká kọ̀wé sí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó mọ òfin ọlọ́pàá dáadáa ni mo ń wá. Nílùú wa ní Gúúsù Kwara, alága káńsù tí a dìbò yàn fọwọ́ sí i pé kí àwa tí à ń din àkàrà àti dùńdú máa tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì títí di aago mẹ́wàá alẹ́. A sanwó, a gba rìsíìtì. Síbẹ̀, bó bá ti ń di aago mẹ́jọ, ọkọ̀ ọlọ́pàá á dé, wọ́n á ní ká bomi paná. Ọ̀kan nínú wọn tan tọ́ọ̀ṣì sí rìsíìtì mi, ó kà á tán, ó ní, "Ìyá, alága kọ́ ló ń sanwó oṣù mi."

Alága kọ̀wé sí DPO, ọ̀gá àgọ́ ọlọ́pàá wa. DPO ní Kọmíṣánnà ọlọ́pàá tó wà n'Ílọrin lòun ń jíṣẹ́ fún. Kò kúkú parọ́: nínú abala 215 ìwé òfin 1999, gómìnà ló lè pàṣẹ fún Kọmíṣánnà nípa ààbò ìlú, wọn ò dárúkọ alága. Kábíyèsí bá wa bẹ̀ wọ́n, ó rọlẹ̀ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ àbúrò mi ní ní New York, olórí ìlú ló ń yan ọ̀gá ọlọ́pàá, síbẹ̀ àwọn ọlọ́pàá kẹ̀yìn sí Bill de Blasio, olórí ìlú náà nígbà yẹn, lọ́dún 2014. Ìyẹn ò kúkú ta àkàrà mi.

Ṣé àwa ọlọ́jà lè kọ̀wé sí Kọmíṣánnà fúnra wa, àbí alága ló gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ gómìnà lọ kí ìwé náà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀?