Àbọ̀ ìbéèrè mi lórí irin ìfá àti ìkòkò tó ń bẹ́

Ẹ kú ìmọ̀ràn o. Mo béèrè ohun tí mo lè fi dípò irin ìfá (irin tí a fi ń fá ara ìkòkò tí a ń mọ) ọlọ́wó gọbọi, àti ìdí tí ìkòkò fi ń bẹ́ nínú iná igi. Àwọn ìyá amọ̀kòkò ní Dada, Ìlọrin, ló yanjú ẹ̀. Àfọ́kù igbá ni wọ́n fi ń fá ìkòkò, kùùkù àgbàdo ni wọ́n ń yí sí i lára fún ọnà. Mo ti gbẹ́ àfọ́kù igbá tèmi. Ó tẹ́ mi lọ́rùn ju ti ọjà lọ.

Ti bíbẹ́ ńkọ́? Omi tó kù nínú amọ̀ ló ń di oru, tó ń wá ọ̀nà jáde tipátipá. Ẹ sá a kó gbẹ dénú, kí ẹ tó yá a níná díẹ̀díẹ̀. Bó bá jáde, tó ṣì gbóná, omi èèpo irúgbá ni wọ́n ń wọ́n sí i kí ara rẹ̀ lè dán.

Mo ti ìbéèrè yìí pa.