Ìrètí Mèsáyà nínú ìtàn Kafka: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín láti Àjàṣẹ́. Mo ń kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ìrètí Mèsáyà nínú ìtàn àròsọ Yúróòpù ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, pàápàá Das Schloss (Ilé Olódi), ìwé ìtàn ti Franz Kafka, òǹkọ̀wé èdè Jámánì láti ìlú Prague, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1926 lẹ́yìn ikú rẹ̀, níbi tí K., olú ẹ̀dá ìtàn náà, ti ń wá ọ̀nà dé ilé olódi orí òkè, tí kò sì dé ibẹ̀ títí ìtàn fi dáwọ́ dúró láàárín gbólóhùn.

Olùkọ́ mi ní àìnírètí pátápátá ni ìtàn náà. Èmi kò gbà, nítorí Kafka fúnra rẹ̀ kọ ọ́ ní 1917 pé ìgbà tí a kò bá nílò Mèsáyà mọ́ ni yóò tó dé. Ní Àjàṣẹ́ wa níbí, ìlú tí Oshoffa ti dá Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run sílẹ̀ ní 1947, ìrètí ní orúkọ, ó ní orin. Ti Kafka kò ní ọ̀kankan, síbẹ̀ K. kò padà sílé.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó tọ́ kí n fi èrò tí Walter Benjamin, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Jámánì, kọ ní 1940 nípa Mèsáyà túmọ̀ ìtàn tí ó ti wà ṣáájú rẹ̀, àbí kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ Kafka nìkan?