Kí ni mo lè gbìn sábẹ́ igi Japanese maple mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ní igi Japanese maple kan lẹ́yìn ilé wa ní Manchester, irú èyí tí ewé rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, tó sì pín bí ìka ọwọ́ ọmọdé. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an ni, àmọ́ abẹ́ rẹ̀ ṣófo, ó sì ń dùn mí.

Gbòǹgbò rẹ̀ kò jìn rárá. Lọ́jọ́ tí mo fẹ́ gbin hosta, ewéko eléwé ńlá kan tó fẹ́ràn ibòòji, síbẹ̀, mo kàn fi ọkọ́ ha ilẹ̀ díẹ̀ ni, àfi gbòǹgbò tín-ín-rín tó lọ́ mọ́ra bí òwú. Ẹ̀rù bà mí, mo yára fi iyẹ̀pẹ̀ bò ó padà. Hosta ọ̀hún ṣì wà nínú ìkòkò, ìgbín sì ti jẹ ewé rẹ̀ di ajere.

Mo ń ro fern àti Heuchera, ewéko méjì tó máa ń ṣe dáadáa níbi ibòòji, torí òòrùn kì í pọ̀ níbẹ̀. Azalea, igi kékeré olódòdó, náà wù mí: òun àti maple jọ fẹ́ràn ilẹ̀ tó ní ásíìdì díẹ̀. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò tirẹ̀ náà kì í jìn. Ṣé wọn ò ní máa du omi mọ́ra wọn lọ́wọ́?

Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe gbìn ín tí ẹ ò fi ṣe gbòǹgbò igi léṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí n tó náwó.